Stabilizer fún ilé Màmá: ẹ wọn iná kí ẹ tó fowó ránṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí tó kọ̀wé láti Houston. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n ra stabilizer (ẹ̀rọ tó ń mú kí iná dúró déédéé) kan ṣoṣo fún fíríìjì, fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù 1.5HP nílé Màmá n'Ìbàdàn, àti pé ọlọ́jà ní "5000 watt" á gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́. Volt (agbára tó ń ti iná) tó ń wọlé Màmá ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Iná tiwa yẹ kó jẹ́ 230 volt. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé bá ti pọ̀ jù lórí tìràǹsífọ́mà, tàbí tí ilé bá jìnnà sí i, ó lè já wálẹ̀ sí 160, sí 150, tàbí kó tún kéré sí i lálẹ́ tí gbogbo èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́. Tó bá di ìdájí, á tún gòkè. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà méjèèjì, kó ya fọ́tò ojú mítà náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ara páálí stabilizer: òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti 140 volt, òmíràn láti 100. Bí iná Màmá bá ń já sí 130, tí ẹ wá ra oní-140, ẹ ti fowó ṣòfò. Ẹran inú fírísà á kàn máa yọ́ ni.

Ó wá kan ìṣirò. Tí ẹ bá sọ volt di púpọ̀ lọ́nà amp (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), watt lẹ máa rí. Àmọ́ nídìí ohun tó ní mọ́tò nínú, kì í ṣe gbogbo iná tó ń fà ló ń di iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ KVA (ẹgbẹ̀rún VA, ìyẹn volt lọ́nà amp) sára stabilizer. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 0.8 kí ẹ tó kà á sí watt: 5KVA jẹ́ nǹkan bí 4000 watt, kì í ṣe 5000 tí ọlọ́jà ń pè.

Ká ní fíríìjì jẹ́ 150 watt, tí fírísà jẹ́ 200. Ẹ wo ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn wọn. Compressor (mọ́tò tó ń ti gáàsì inú wọn) máa ń fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá ń gbéra, bí ìgbà tí a bá ń ti ọkọ̀ tó kú sójú títì. Tí fírísà bá gbéra nígbà tí fíríìjì ti ń ṣiṣẹ́, 200 lọ́nà 5 jẹ́ 1000, ẹ fi 150 kún un. Ẹ fi 0.8 pín 1150 yẹn, ó di nǹkan bí 1440 VA. 2KVA tó o níbi tí iná ti dára. Níbi tí iná ti ń rẹlẹ̀, èmi á ra 3KVA, torí stabilizer kì í lè gbé gbogbo ẹrù tí wọ́n kọ sí i lára bí iná tó ń wọlé bá ti já.

Ẹ wo amúlétutù náà. Ká ní ó ń jẹ 1200 watt; ká fi 0.8 yẹn sílẹ̀ ná. Ní 230 volt, amp 5.2 ló ń fà. Tí iná bá já sí 150, stabilizer á fa amp 8 lára wáyà ilé kó tó lè gbé watt kan náà jáde. Wáyà tínrín á gbóná, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì á dúdú, volt á sì tún já sí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ kí ó bá fíríìjì pín stabilizer. Ẹ ra 5KVA fún un lọ́tọ̀, kí oníṣẹ́ iná fa wáyà tirẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú breaker (ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù) tirẹ̀.

Kí stabilizer ti fíríìjì jẹ́ èyí tó ń dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó gbé iná jáde. Ẹ mọ̀ pé iná wa lè lọ kó sì dé lójú ẹsẹ̀, compressor tó bá tún gbéra kí gáàsì inú rẹ̀ tó rọlẹ̀ lè jóná. Kí ó máa gé iná tó bá ga jù pẹ̀lú, nítorí tí neutral (wáyà tó ń gbé iná padà) bá já lórí òpó, iná lè gòkè sún mọ́ 400 volt. Kí ẹni tó ń rà á gbé e lọ́wọ́ wò: 5KVA tó bá fúyẹ́, ẹ fura sí i. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù ò nílò stabilizer rárá.

Microwave tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ojú 110 volt wà lára ọ̀pọ̀ stabilizer lóòótọ́, àmọ́ iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa jẹ́ 50Hz, stabilizer ò sì lè yí ìyẹn padà. Á máa gbóná títí á fi bàjẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ 100–240V sára ṣájà rẹ̀ ò ní wàhálà. Àwọn ará London ní tiwọn lè kó ẹrù wọn wálé, iná wọn àti tiwa dọ́gba.

Tí fọ́tò mítà bá ti dé, ẹ gbé nọ́ńbà alẹ́ àti ti ìdájí síbí, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn fírísà, ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀.