Ọkọ mi ti ojú ogun dé, ó ń jà lójú oorun, ó ní òun kọ̀ mí: ṣé yìgì wa ṣì dúró?

ÌBÉÈRÈ

Asalaamu alaekun, Àlùfáà wa. Sójà ni ọkọ mi, bárékè Ọ̀jọ́ ni a ń gbé. Ó lo ọdún méjì àti ààbọ̀ ní apá Màìdúgùrì kó tó dé lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, oorun rẹ̀ kò jọ oorun mọ́. Á máa pe orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú, á máa ju ẹ̀ṣẹ́, ọ̀bẹ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ó pariwo pé òun ti kọ̀ mí, kí n jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọdé yin bángà lẹ́yìn fèrèsé wa lọ́sàn-án. Ó gbá ọmọ wa mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó fi ara bò ó, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Inú bí i, ó ní, "Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀," ó bá jáde. Kò kírun mọ́. Ó ní ìrun tí òun pa jẹ lọ́hùn-ún ti pọ̀ ju ohun téèyàn lè san lọ. Àáwẹ̀ Rámádáànì méjì náà wà lọ́rùn rẹ̀. Àlùfáà kan ládùúgbò ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń dà á láàmú, ká mú àgbò àti owó wá. Ṣé yìgì wa ṣì wà? Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN

Waalaekun salaamu, ìyá wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Yìgì lẹ kọ́kọ́ bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ibi oorun wọ̀ ọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ó wà nínú Muwatta, ìwé ọ̀rọ̀ Ànábì tí Imam Malik kó jọ, pé Khalid bin Walid lọ bá Ànábì, ó ní ẹ̀rù máa ń ba òun lójú oorun. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o! Khalid, tí wọ́n ń pè ní Idà Ọlọ́hun. Ànábì kò fi í ṣẹ̀sín, kò ní ojo ni, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń bá a jà. Àdúà ló kọ́ ọ pé kó máa ṣe: "Mo sá di àwọn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó pé, kúrò níbi ìbínú Rẹ̀ àti ìyà Rẹ̀, àti aburú àwọn ẹrú Rẹ̀, àti ìkọlù àwọn èṣù, àti kí wọ́n má baà wá sí ọ̀dọ̀ mi." Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọkọ yín, kó máa ṣe é kó tó sùn pẹ̀lú Ayatul Kursiyyu, Falaki àti Naasi látinú Kùránì. Tí ó bá ní sójà kì í sunkún, ẹ sọ fún un pé Khalid sọ tirẹ̀ síta.

Àdúà kò ní ká má lọ sí ilé ìwòsàn. Ànábì ló ní kí àwa ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìwòsàn, torí Ọlọ́hun kò dá àrùn kan láìdá oògùn rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ikú tó pọ̀, tó bá ń jí lóru bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí ìró kékeré ń gbé e ṣubú, àìsàn ni. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn sójà wà ní Yàbá, ti àwọn dókítà ọpọlọ náà wà ní Yàbá níbẹ̀, láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń gba aláìsàn. Mo mọ ohun tí ará Èkó ń rò tí wọ́n bá ti gbọ́ "Yàbá". Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó. Àwa náà ṣáà mọ ohun tí ìró lè ṣe féèyàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, tí àwọn bọ́ǹbù bú gbàmù nínú bárékè Ìkẹjà, àwọn tí kò rí iná ọ̀hún sójú rárá sáré títí wọ́n fi kó sínú kánà Òkè-Àfà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jáde láàyè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré nìyẹn o. Ti ọkọ yín, ọdún méjì àti ààbọ̀ ni.

Ọdún méjì àti ààbọ̀ yẹn gan-an ń dùn mí. Ìtàn sọ pé Umar, tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì àti Abu Bakr, gbọ́ ohùn obìnrin kan lóru, tó ń kọrin arò nítorí ọkọ rẹ̀ tó lọ sógun. Ó lọ bi ọmọ rẹ̀, Hafsa, pé oṣù mélòó ni obìnrin lè fara da àìsí ọkọ. Hafsa ní oṣù mẹ́rin, tàbí mẹ́fà. Umar wá pàṣẹ pé kí wọ́n má fi ọmọ ogun sójú ogun ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ kó wálé. Ká ní àwọn tó ń pàṣẹ lónìí lè gbọ́ ìtàn yìí ni.

Ó kan yìgì. Èyí tó sọ lóru kò fọ́ nǹkan kan. Ànábì ní a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni mẹ́ta, ìyẹn ni pé a kì í kọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn lọ́rùn: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí títí yóò fi padà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lóru, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò mọ̀ pé òun sọ ọ́, oorun ló sọ ọ́.

Tọ̀sán ni mi ò lè fi ìwé dáhùn. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ojú ọ̀nà Màlíkì, ìyẹn ti Imam Malik, la ń tọ̀ nínú òfin ẹ̀sìn, àwọn onímọ̀ rẹ̀ kò sì gba ìbínú lásán ní àwáwí. Àwọn ọkùnrin máa ń wá sọ fún mi pé inú ló bí àwọn. Ta ló ń kọ ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ dùn? Ṣùgbọ́n bí ìbínú tàbí ìpayà bá ti gba làákàyè lọ pátá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Aisha, ìyàwó Ànábì, gbà á wá lẹ́nu rẹ̀ pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ti sé mọ́ èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, tó ṣì ń gbọ̀n, ṣé yàrá yín ló wà ni, àbí ojú ogun? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni òun ń bá wí? Nígbà tó padà wọlé, ṣé ó rántí ohun tó sọ? Òun nìkan ló lè dá mi lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ Ọlọ́hun ni òótọ́ rẹ̀ wà.

Bó bá jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń sọ, ẹyọ kan ni, kì í ṣe mẹ́ta. Tí nǹkan oṣù yín kò bá tíì pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láti ọjọ́ náà, ó lè dá yín padà láìsí yìgì tuntun. Ó ti pé? Ẹ ó ṣe yìgì mìíràn pẹ̀lú sàdáàkì, bí ẹ bá fẹ́. Títí màá fi gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ibùsùn yín yàtọ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sùn lọ́tọ̀, kí ọ̀bẹ yẹn sì kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Obìnrin tó sá fún ẹ̀ṣẹ́ ojú oorun kò ṣàìgbọràn sí ọkọ. Àmọ́ tó bá ń lù yín nígbà tí ojú rẹ̀ là kedere, lọ́sàn-án gangan, ẹ má pè é ní àìsàn. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ sì sọ fún àwọn ẹbí yín.

Ìrun kò bọ́ lọ́rùn sójà. Súratul Baqarah, ẹsẹ 239, ní bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ kí i lórí ìrìn tàbí lórí ohun tí ẹ gùn. Èyí tó bọ́, sísan ni. Lọ́jọ́ ogun Khandaq, lọ́dún 5 Hijira, àwọn ọ̀tá kò jẹ́ kí Ànábì rí Àlàásárì kí títí òòrùn fi wọ̀. Ìgbà tó wọ̀ ló kí i, kó tó kí Mọ̀gàríbì. Kí ọkọ yín fojú díwọ̀n iye oṣù tí kò kírun, kó máa san ti ọjọ́ méjì lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ wa ní ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kó má dúró di ìgbà tí gbèsè bá tán kó tó kí tòní. Kí Àsùbá ọ̀la ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àáwẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan, kó kọ́kọ́ bi dókítà bóyá oògùn rẹ̀ gbà á láyè. Ìdí tó fi pẹ́ hàn, kò sí ìtánràn lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ mú un wá sí ìdí mọ́sálásí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́yìn Àlàásárì ọjọ́ Àìkú. Tó bá ní òun ò wá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a sọ ọ́, ẹ má bá a jà sí i. Ní ti àgbò yẹn, ẹ má mú un lọ. Tí ẹ bá sì ti san owó fún àlùfáà ọ̀hún, ẹ lọ gbà á padà, ẹ fi wọ ọkọ̀ lọ sí Yàbá.