Ta ló ń san owó oṣù olùyẹ̀wò ojú irin ní Texas?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mò ń gbé. Mo ti lo ọdún mẹ́ta nínú ikọ̀ tó ń tún ojú irin ṣe fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan, Àkúrẹ́ ni mo sì ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo rí ìpolówó iṣẹ́ olùyẹ̀wò ojú irin lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń san irú owó oṣù bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ tí Washington bá dáwọ́ dúró, iṣẹ́ bùṣe. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo tilẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, iṣẹ́ ìṣirò owó ìrànwọ́ ìjọba ni mò ń ṣe jẹun, irú ìbéèrè yìí kì í sì í tètè tán lẹ́nu mi. Ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ìdajì tó gbọ́ rèé. Òfin ààbò ojú irin ti 1970 ló fàyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti ní olùyẹ̀wò tiwọn, kí wọ́n máa bá ti FRA ṣiṣẹ́ pọ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò rélùwéè. Nǹkan bí 30 ìpínlẹ̀ ló wà nínú ètò náà. Òfin sì wí pé tí ìpínlẹ̀ bá béèrè, ìjọba àpapọ̀ lè san nínú ohun tó ń ná lórí òṣìṣẹ́, irinṣẹ́ àti àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Ìpínlẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Èyí tí kò gbọ́ ni pé òfin tó ní kí wọ́n sanwó kì í ṣe owó. Àfi kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì fi í sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti owó ìrìn-àjò lọ síbi ẹ̀kọ́ náà, ni pàtàkì ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ ń rí gbà lọ́wọ́ FRA. Owó oṣù wà lọ́rùn ìpínlẹ̀. North Dakota mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní December 2013, ọkọ̀ ojú irin tó kó epo rọ̀bì forí sọ èyí tó kó ọkà, tó ti yẹ̀ kúrò lójú irin, nítòsí Casselton, iná sì sọ. Ní 2015 ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ ya owó ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ láti gba olùyẹ̀wò tiwọn.

Ti Texas wá yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè fúnra wọn ni òfin ní kí wọ́n máa dáwó lọ́dọọdún, bí ẹrù tí kálukú gbé ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe gbé e jìnnà tó. Owó náà kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí ètò ààbò náà ń ná ìpínlẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí owó ìrànwọ́ bá dé láti Washington, èènì ni. Bí kò bá dé, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù ṣì ń kọjá ní Houston, owó tí wọ́n ń dá á sì máa wọlé. (TxDOT, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìrìnnà, ni kó o kọ̀wé sí o! Má jẹ́ kí orúkọ Railroad Commission tàn ọ́ jẹ: ọ̀rọ̀ epo àti gáàsì ni wọ́n ń bójú tó níbẹ̀ báyìí, ọwọ́ wọn ti kúrò lórí rélùwéè láti 2005.)

Ní ti òṣùwọ̀n, ìlànà FRA béèrè ọdún mẹ́rin nínú kíkọ́ tàbí títún ojú irin ṣe, kó má sì jẹ́ ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ lè rọ́pò méjì nínú mẹ́rin náà. Ìwọ sì ti ní mẹ́ta, ó ti kọjá ohun tí wọ́n ń wá. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè gba ọ̀nà ọmọ-iṣẹ́ wọlé.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn tó ti ilé-iṣẹ́ rélùwéè wá lẹ́nu: olùyẹ̀wò ìpínlẹ̀ kì í ṣe wolé-wolé ayé àtijọ́ tó ń bu owó ìtanràn léni lórí lójú ẹsẹ̀. Wàá wọn àlàfo àárín irin méjèèjì, wàá wo pákó tó ti jẹrà, wàá kọ àbùkù tó o rí sílẹ̀. Bí ó bá burú, wàá dámọ̀ràn kí wọ́n fìyà jẹ ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn agbẹjọ́rò FRA ló máa ń bá ilé-iṣẹ́ wí lórí ẹ̀. Bó o bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ rí àbájáde iṣẹ́ rẹ lọ́la, iṣẹ́ yìí á sú ọ.

Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bi wọ́n pé: “Inú owó wo ni wọ́n ti ń san ipò yìí?” Kò sí àrífín níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní owó ìrànwọ́ ni, béèrè ọjọ́ tó máa parí. Kí o tó dé ibẹ̀ sá, gbé ìwé ẹ̀rí Àkúrẹ́ lọ fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè báyìí, nítorí ó máa ń pẹ́ kí ìwé tó ti ilé dé ọwọ́ wọn.