Corolla mi ń mu ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì wo ni kí n gbé sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 1995 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 4A-FE 1.6 ló wà nínú ẹ̀, gíà ọwọ́. Ó ti ń mu ọ́ìlì gan-an, tí mo bá sítáátì ẹ̀ láàárọ̀ èéfín búlúù á bo ẹ̀yìn ẹ̀. Bọ́dì ẹ̀ ṣì le koko, mi ò lè tà á. Ẹnì kan ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì Toyota tí wọ́n ń pè ní 1ZZ sí i, ẹlòmíì ní 7A. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, yẹ èyí tó o ní wò ná. Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ni èéfín yẹn ń jáde, tí ò sì pẹ́ tó fi ń lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síìlì fáàfù, rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò wọnú sílíńdà, ló ti gbẹ, ìyẹn ò sì gba kéèyàn sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì distributor, èyí tó ń pín iná fún plug, kó má baà ta iná, tú plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tẹ accelerator mọ́lẹ̀ pátápátá, kó o wá fi géèjì wọn compression, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Tuntun ẹ̀ máa ń gbé 191 psi, tó bá ti wá sábẹ́ 142, tàbí tí ìyàtọ̀ àárín sílíńdà kan àti èkejì bá ju psi 14 lọ, ẹ́ńjìnnì yẹn ti rẹ̀ nìyẹn.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 7A-FE ni kó o gbé. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, ẹnu sílíńdà àwọn méjèèjì, mílímítà 81 ni, Toyota kàn jẹ́ kí písítìnnì rìn jìnnà sí i ni, láti 77 dé 85.5, ibẹ̀ ni 1.6 ti di 1.8, torí ẹ̀ náà ni bulọ́ọ̀kù ẹ̀ ṣe ga díẹ̀ ju tìẹ lọ. Gíà tó o ní máa dè mọ́ ọn. 1ZZ ò rí bẹ́ẹ̀, ìdílé ọ̀tọ̀ ni, síìtì ẹ́ńjìnnì, gíà, wáyà, gbogbo ẹ̀ lo máa pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn gan-an ń mu ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnnì kéré, ó sì máa ń dí. Ohun tó o ń sá fún náà lo tún fẹ́ lọ rà yẹn.

Wáyà ni mo bẹ̀ ẹ́ kó o fọkàn sí jù. Má ra ẹ́ńjìnnì lásán o! Gbà á pẹ̀lú brain box ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ àti wáyà ẹ̀ lódindi. Mo mọ ẹnì kan tó ti de ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ tán, kó tó rí i pé wọ́n ti fi pílíà gé wáyà ẹ̀ láàárín, oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń wá èyí tó máa so mọ́ èyí, inú mi bà jẹ́ fún un.

Mú géèjì yẹn lọ síbi tó o ti fẹ́ rà á. Ṣí ìdérí ọ́ìlì náà, tó o bá rí nǹkan funfun tó ń yọ̀ bí ọ̀rá lábẹ́ ẹ̀, omi ti lè wọnú ọ́ìlì nìyẹn, fi í sílẹ̀. Kó o tó gbé e wọ inú ọkọ̀, pààrọ̀ timing bẹ́líìtì, water pump, àti síìlì ẹ̀yìn crank, èyí tó wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà, torí tó bá fi lè jò lẹ́yìn tó o ti dè é tán, gíà lo tún máa sọ̀ kalẹ̀.