Ẹ̀jẹ̀ ti mọ́, ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi fi oògùn sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Iléṣà ni a ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML. Ó ti lo oògùn Glivec fún ọdún kan ààbọ̀, ikùn rẹ̀ tó wú ti fà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti dára. Ó ní ara òun ti yá, àgbo ni òun fẹ́ máa mu báyìí. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lápá rẹ̀, èyí tó ti jáde sí òpó ẹ̀jẹ̀ ni. Inú mùdùnmúdùn egungun, bíi ti ìbàdí àti ti àyà, ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn yìí fi ṣe ilé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ kì í dá gbé níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun, sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá àti àwọn tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ló yí wọn ká, àwọn ló ń darí ìgbà tí wọn yóò bí àti ìgbà tí wọn yóò sinmi. Ọdún 1978 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ray Schofield, ti dá a lábàá pé ibùgbé yìí ló ń pa wọ́n mọ́.

Kúrómósómù 9 àti 22 (àwọn okùn tó ru àbùdá wa nínú sẹ́ẹ̀lì) tó fi apá kan ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ CML. Kì í ṣe àjogúnbá, kò sì sí ẹni tó fi ṣe é. (Mo sọ èyí nítorí àwọn ẹbí tí mo ti rí tó ń fura síra wọn.) Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì burúkú bá ti ń pọ̀, ó máa ń tún ibùgbé náà ṣe bó ṣe wù ú, tí èyí tó dára kò fi ní ráyè mọ́. Glivec ń pa àwọn tó ń bí sí i. Àwọn tó sùn sínú mùdùnmúdùn dà bí òkété tó wà nísàlẹ̀ ihò: ọdẹ tó dúró lẹ́nu ihò á máa pa èyí tó bá yọjú, bó bá kúrò, èyí tó kù á tún bí.

Lóòótọ́, a máa ń jẹ́ kí àwọn kan dáwọ́ dúró, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àyẹ̀wò PCR (èyí tó ń wá àṣẹ́kù àìsàn tí kíka iye ẹ̀jẹ̀ kò lè rí) kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àìsàn náà mọ́. Síbẹ̀, ó ń padà sára nǹkan bí ìdajì wọn, púpọ̀ láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́. Ọdún kan ààbọ̀ kò tíì tó.

Ní ti àgbo, ewé kan wà tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú Glivec dànù kíákíá, òmíràn á sì mú kó pọ̀ jù lára. Ta ló mọ èyí tó wà nínú ìgò?

Ẹ bi í jẹ́jẹ́ ohun tó sú u gan-an. Bó bá jẹ́ èébì ni, kí ó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ àti omi ife ńlá kan. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀, kí ó sọ fún wọn ní kíníìkì. Nígbà tí ètò Glivec ọ̀fẹ́ dé OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀, ní 2003, láti gbogbo Nàìjíríà ni àwọn aláìsàn ti ń wá sí Ifẹ̀. Bó bá sì débẹ̀, kí ó béèrè èsì PCR rẹ̀, kì í ṣe ti iye ẹ̀jẹ̀ nìkan.