Kí ni "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀" ń sọ gan-an?

Ìbéèrè: Níbi tí ẹbí kan ti ń pín ilé alámọ̀ bàbá wọn ní Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà, àgbà kan pa òwe yìí. Ṣé ọ̀tá ló ń bá wí ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má dá aláǹgbá lẹ́bi. Àwọn ọmọ ilé ló ń bá wí: bí wọn ò bá yapa, àjèjì ò ní rí ọ̀nà wọlé. Nínú agboolé, ògiri kan náà ni yàrá ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò jọ ń lò. Bó bá là, ó là fún àwọn méjèèjì.

Nínú àwọn agboolé tí ilé-ẹ̀kọ́ girama Titcombe College bá nílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri. Wọ́n á pò ó, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi fà, wọ́n á wá mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Amọ̀ tí omi rẹ̀ pọ̀ jù máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, ibẹ̀ ni ògiri sì ti ń lanu. Ó tún máa ń là ní igun ilé, àti lókè àtẹ́rígbà tí ikán bá ti jẹ. Koríko tí wọ́n fi ń bo ilé tẹ́lẹ̀ máa ń yọ síta dáadáa; páànù tí ẹnu rẹ̀ kúrú ló jẹ́ kí òjò máa ta sí ìdí ògiri.

Èyí tó dunni jù ni sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń rẹ́ lé amọ̀ tó là. Omi há sínú, amọ̀ rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ lódidi. Bí ẹni ń fi ẹ̀rín bo ìjà ẹbí mọ́lẹ̀ náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ tún ògiri tó là ṣe, ẹ kọ́kọ́ dá omi tó ń wọ̀ ọ́ dúró. Ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé ibi tó le, ẹ gbọn eruku kúrò, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi irú amọ̀ kan náà, tí wọ́n pò kó le, dí i pinpin. Bó bá gbẹ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á tún yọ. Ẹ dí ìyẹn náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é.