Èsì: Èwo ni ọjọ́ orí òkúta náà nínú méjèèjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ọdún mílíọ̀nù 600 àti bílíọ̀nù 2 tí àwọn hóró zircon (hóró líle kéékèèké tí a fi ń mọ ọjọ́ orí òkúta) inú òkúta yanrìn yín fi hàn, ẹ má mú ìkankan ní ọjọ́ orí òkúta náà. Ọjọ́ orí àwọn òkè àtijọ́ tí omi ti wọ́ yanrìn wá ni. Ohun tí èyí tó kéré jù ń sọ ni pé yanrìn yẹn kò tíì kóra jọ ṣáájú mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn.

Òkúta tó ti ara yanrìn wá ni mo ń sọ o. Tó bá jẹ́ giranáìtì, ìgbà tó dì láti inú òkúta yíyọ́ gbígbóná ni ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ máa sọ.

Ní Jack Hills, Ọsirélíà, òkúta ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 3 ọdún, síbẹ̀ hóró kan nínú rẹ̀ ti pé bílíọ̀nù 4.4. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán inú hóró kọ̀ọ̀kan. Ooru lè ti fi ìpele tuntun bo etí rẹ̀, bí òrùka inú igi. Tí ìtànṣán lésà tí ẹ fi ń wọn ọjọ́ orí bá gba àárín àti etí pọ̀, ọjọ́ orí àdàlù tí kò bá ìṣẹ̀lẹ̀ kankan mu lẹ máa kọ sílẹ̀.