Àwo tí mo da ata sí

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tó o kọ. O ní ọkùnrin kan wà tó máa ń wá jẹun níbi tó o ti ń bu oúnjẹ, pé gbogbo ìgbà ló máa ń pòṣé sí ẹ, tó ń pè ẹ́ ní dìndìnrìn lójú èrò, àti pé lánàá ó ju owó sílẹ̀, ó ní kó o bẹ̀rẹ̀ he é. O wá ń béèrè bóyá ó burú tó o bá tutọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀ kó o tó gbé e fún un. Àwọn kan ti bú ẹ. Àwọn kan ní kó o ṣe é, wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ ẹ bí wàá ṣe ṣe é tẹ́nì kan ò fi ní rí ẹ. Èmi ò ní bú ẹ, torí mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Itọ́ nìkan ni mi ò lò.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà náà, mo ń bu oúnjẹ nílé àmàlà kan n'Íbàdàn, lápá Dùgbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìyá tó ni ín ti lọ sinmi. Ẹni tó bá ti jẹun nírú ibẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí láago kan ọ̀sán. Èrò á tò dé ẹnu títì. Ẹni méjì á máa rokà lẹ́yìnkùlé, ojú wọn á pọ́n nínú èéfín. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó jù mí lọ la máa ń wà nídìí kúlà, ọ̀gá wa á jókòó ti ìkòkò ẹran, torí mi ò tíì rí alámàlà tó fi ìkòkò ẹran lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Wàá já àmàlà sáwo, wàá bu gbẹ̀gìrì sí i, wàá da ewédú lé e, ọbẹ̀ ata á tẹ̀ lé e, wàá tì í sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá á fi ẹran sí i, á gbowó. Tó bá fi lè ju ìṣẹ́jú kan lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á ti máa bú ẹ.

Wọ́n ní kò sí ìlú tí kò lárùn tiẹ̀, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Mo gbà. Àmọ́ èébú àwọn èrò yẹn kì í dùn mí. Ẹni tí ebi ń pa tó bú ẹ torí pé oúnjẹ pẹ́, tó bá ti jẹ òkèlè mẹ́ta, á tún máa kí ẹ. Alága ló yàtọ̀. Kò jẹ alága ẹgbẹ́ kankan o, ikùn ẹ̀ tó jọ ti alága la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀ kì í ṣe ti ebi, ó máa ń fara balẹ̀ bú èèyàn ni, ó sì ti mọ̀ pé èmi ni mi ò lè fèsì. "Ìwọ, ìyá ẹ ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bu gbẹ̀gìrì ni?" Ojoojúmọ́. Ìyá mi sì ti kú lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn. Kò mọ̀, mi ò sì sọ fún un.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọjọ́ Ẹtì ni, ó dé, ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì jáde, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo fọ̀ ọ́. Mo nà á. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí mo fi nà á. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran, ó wá yíjú sí èrò: "Ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún wa!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wọ̀ mí lára ju ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

Àmàlà méjì ló fẹ́. Mo já a, mo bu gbẹ̀gìrì sí i. Abọ́ ata gígún kan wà lẹ́yìn mi, ata gbígbẹ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ṣí i, gbogbo wa la máa ń sín. Mo bu ṣíbí mẹ́ta níbẹ̀, mo rò ó pọ̀ mọ́ gbẹ̀gìrì, mo da ewédú bò ó. Kò sóhun tí ewédú ò lè bò mọ́lẹ̀. Ká sòótọ́, ara tù mí bí ìgbà téèyàn mu omi tútù nínú oòrùn.

Bí mo ṣe gbé àwo yẹn kalẹ̀ báyìí ni fóònù Alága dún. Ó bọ́ kúrò lórí ìlà, ó lọ ń pariwo sí i lẹ́bàá gọ́tà. Ọ̀gá ń bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Èmi yí sẹ́yìn láti ṣí kúlà míì. Bàbá Tíṣà ló kàn lórí ìlà. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, òun ló máa ń kí wa pé "Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin ọmọ mi," òun ló sì máa ń fi ṣéńjì ẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó ní ọgbẹ́ inú, kì í jẹ́ ká da ọbẹ̀ ata sí tiẹ̀. Ọmọbìnrin kejì rí àwo àmàlà méjì nílẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú nìkan ló wà lórí ẹ̀, mi ò tíì ta ọbẹ̀ ata sí i. Ó rò pé ti Bàbá ni mo bu sílẹ̀. Ó gbé e fún un.

Òsúkè ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo máa yíjú, Bàbá ti di àyà mú, omi ń dà lójú ẹ̀, ó ń nawọ́ wá kọ́ọ̀pù, ọwọ́ ẹ̀ sì gbá a dànù. Wọ́n fún un lómíràn, ó mu ún, kò gbọ́. Ó dìde pé kóun jáde lọ bì, kò dé ẹnu ọ̀nà. Èmi dúró síbẹ̀ tèmi tìpọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sínú Micra lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, ibẹ̀ ló sùn mọ́jú.

Alága parí fóònù ẹ̀, ó wọlé, ó béèrè ohun tó ń ṣe bàbá yẹn, wọ́n bu oúnjẹ míì fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó gùnfẹ̀, ó lọ. Ṣó o gbọ́? Ó gùnfẹ̀.

Ọ̀gá dúró títí èrò fi lọ tán. Ó fa àwo Bàbá mọ́ra, ó fìka kan tọ́ ọ wò, ó tutọ́, ó wo abọ́ ata, ó wo èmi. "Ta lo fẹ́ fún?" Mo ní Alága ni. Ó ní, "Ṣé orúkọ ẹ̀ wà lára àwo ni?" Kò nà mí, kò lé mi. Oṣù mẹ́rin ló fi yọ owó ọsibítù nínú owó mi. Ó sì ní kí n lọ bá Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo lọ. Bàbá gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó béèrè ohun tí Alága ṣe fún mi, mo sọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun wà lórí ìlà nígbà tí mo na ọwọ́ jáde, pé òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi ká ní kò sọ ìyẹn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ń sọ fún ẹ pé kó o "fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n", béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti bu oúnjẹ láago kan ọ̀sán rí. Àwo kì í dúró níbi téèyàn gbé e sí. Ẹni tó rà á lè sọ pé òun ò jẹ mọ́, ẹ dì í sọ́rá fún mi, kó gbé e lọ sílé fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé. Mo ti rí oníbàárà tó jẹun dé ìdajì tó fún àgbérò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìyókù.

Ìgbà tí mo wá ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ni wolé-wolé kan là mí lójú nípa apá tó kù. Ó wá yẹ ibi ìdáná wa wò, ó ní kí gbogbo wa lọ yẹ ìgbẹ́ wò, àwọn ọmọ mi bá ń kùn pé ara àwọn le. Ló bá sọ̀rọ̀ Mary Mallon fún wa, alásè kan ní New York. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù wà lára obìnrin yìí tí kò sì ṣàìsàn rárá, bẹ́ẹ̀ ló ń kó o ran àwọn tó ń se oúnjẹ fún. Wọ́n mú un lọ sórí erékùṣù kan ní 1907, wọ́n fi í sílẹ̀ ní 1910 pé kó má ṣe iṣẹ́ alásè mọ́, ó tún padà lọ ń sè, wọ́n tún mú un ní 1915, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 1938. Obìnrin yẹn ò bínú sí ẹnikẹ́ni o. Ọwọ́ lásán ló fi ṣe é. Ìwọ wá fẹ́ fi ìbínú kún un. Wolé-wolé yẹn náà ló sọ fún wa pé ó wà nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 243: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ta oúnjẹ tó lè pani lára, tàbí tó po nǹkan mọ́ oúnjẹ títà tó fi di ohun tó ń pani lára, ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ló ń lọ. Ọdún kan gbáko, nítorí ẹni tí ìwọ ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀!

Ṣé kó o wá máa gba ìwọ̀sí ni? Rárá o. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá mi ṣe. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Alága dé, ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ..." Ọ̀gá fi ìdérí bo ìkòkò ẹran, gbàǹgà, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ó ní, "Alága, ẹ gba owó yín. Oúnjẹ ti tán." Gbẹ̀gìrì kún ìkòkò, ó ń hó lójú ẹ̀. Alága wò títí, kò sẹ́ni tó bá a dá sí i. Ọjọ́ kẹjọ ló tó padà wá. Ẹnu ẹ̀ ṣì burú, àmọ́ kò fi ẹnu kan ìyá mi mọ́.

Ní gbangba lọ̀gá mi ti gbẹ̀san tiẹ̀. Alága rí ẹni tó ṣe é fún un, ó mọ ìdí ẹ̀, ó sì láǹfààní láti fèsì tó bá fẹ́. Tèmi tí mo bò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewédú, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ìwà tèmi kọ́ ni mo ṣì ń tijú jù, bí kò ṣe pé mi ò lójú láti ṣe é ní gbangba.

Mo ṣì ń gbẹ̀san o, má rò pé mo ti di áńgẹ́lì. Ẹni tó bá ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ mi, ọwọ́ mi á falẹ̀. Màá kọ́kọ́ nu tábìlì, màá wá ṣíbí tó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní rẹ́rìn-ín sí i, mi ò ní fi ènì sí tiẹ̀. Pọ̀nmọ́ tó kéré jù nínú ìkòkò náà ti ṣèèṣì bọ́ sáwo irú wọn rí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ mi nídìí wá ńkọ́? Ìyẹn kúrò ní àfojúdi. Ariwo ni kó o fi ta, kó o pe orúkọ ohun tó ṣe kí títì gbọ́. Mo ti yọ orógùn tó gbóná sí ẹnì kan rí, mi ò tíì kábàámọ̀ ẹ̀.

Ọ̀gá ẹ ni mo fẹ́ bá wí jù, tí kò bá lè bo ìkòkò nítorí ẹ. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri pé kọ́sítọ́mà lọba, ẹni tó ń sin ọba náà ńkọ́? Ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, àmọ́ òfin owó oṣù ti 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò bá tó 25 sílẹ̀. Ilé oúnjẹ mélòó ló ní òṣìṣẹ́ 25 ládùúgbò wa? Ohun tó bá wu ọ̀gá ló ń san. Ẹni tí ò lè fowó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yẹ kó lè fẹnu gbà ẹ́ sílẹ̀. Bá a sọ ọ́ láàárọ̀, kí èrò tó dé, kó o béèrè ohun tó fẹ́ kó o ṣe nígbà míì tí ọkùnrin yẹn bá wá.

Ní ti owó tó jù sílẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ mọ́. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún kejì tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, géńdé kan ni, ó ju owó sẹ́sẹ̀ mi. Mo ní, "Sà, owó yín bọ́ sílẹ̀," mo sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pé mélòó ni kí n bu fún un. Ó wo owó, ó wò mí. Mo bu ti ẹni yẹn, mo bu ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kó mú owó ẹ̀ ńlẹ̀ kí ìlà lè lọ, ebi ń pa àwọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi lé mi lọ́wọ́. Àmàlà mẹ́ta, ṣàkì méjì. Mo bu gbẹ̀gìrì ẹ̀ dáadáa.